Ṣúù Pupa tí Màsẹ́ẹ̀ Ní Kí Ìyá Mi Dá Sí

Ara mi kì í gbé ibì kan. Bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dàgbà. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó ti ìkòkò, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá rán mi dé ẹnu ọ̀nà, mo ti dé ọjà. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí mi, àfi bíi pé ẹnì kan ń dúró dè mí níta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun, kó wá a lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ṣúù ni mo fẹ́ sọ, ṣúù pupa tí ìyá mi ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu ìhà Faransé, nígbà ìjọba àwọn sójà tí à ń pè ní Rẹfolúsọ̀n, tó ń ṣìkẹ́ ju bó ṣe ń ṣìkẹ́ èmi ọmọ rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe rí i nígbà náà nìyẹn, n kò ní purọ́.

Kábéèjì ni àwọn tó wà ní ìhà Nàìjíríà ń pè é. Àwa tí Faransé kọ́ níwèé, ṣúù là ń pè é. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo ayé mọ̀. Tiwa pupa ni, ìyẹn bí ẹ bá fẹ́ gbà fún ìyá mi. Bí ẹ bá wò ó ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, dúdú lẹ máa pè é. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí à ń pè ní bàbá àgbà ilé, ni olórí ilé wa, òun sì máa ń jiyàn pé àwọ̀ àlùkò ni, pé kò sí pupa kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa ni àwọn màsẹ́ẹ̀ ń pè é ní èdè tiwọn, ìyá mi sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá mi bá ti gbà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Màsẹ́ẹ̀ là ń pe àwọn obìnrin Àgùdà, àwọn aláṣọ funfun tí kì í lọ́kọ. Wọ́n ní ilé-ìwé àti ọgbà nítòsí wa. Ìyá mi ń fọṣọ fún wọn, ó sì ń bá àgbàlagbà kan nínú wọn ro ọgbà. Màsẹ́ẹ̀ àgbà yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ kò lókè kò ní ìsàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ ní ọgbọọgba. Bó bá ní kí wọ́n gbé igbá wá, ìgbá ni wọ́n máa ń kó fún un, yóò wá máa wo ìgbá nínú abọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwa ọmọdé máa ń sín in jẹ, ìyá mi a sì gbá wa létí.

Nígbà tí Rẹfolúsọ̀n dé, ìjọba ní gbogbo ilé-ìwé ti di ti ìjọba. Bó ṣe di pé àwọn màsẹ́ẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nìyẹn. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ bàṣé kan, irú èyí tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn, ló wá kó wọn. Gbogbo wọn ti wọlé sínú ọkọ̀ tán, àfi màsẹ́ẹ̀ àgbà. Ó ti ẹ̀yìn ilé yọ pẹ̀lú agbọ̀n kan lọ́wọ́. Kùkùté ṣúù pupa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gé orí rẹ̀ lọ, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà ní gbòǹgbò. Ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́, ó ní, “Da a si...” Awakọ̀ tẹ fèrè, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó sì gbé gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì. Màsẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú, ó gun ọkọ̀, eruku sì bò wá.

Èmi náà gbọ́ ọ, mo dúró ti ìyá mi. Ó ní kí n máa lọ sílé, òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, kò sí agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà ló gbé e wálé, eérú wà lára àwọn kùkùté náà, ó sì fi ìbòrí rẹ̀ bò wọ́n. Ọmọdé ni mí, n kò bi í léèrè nǹkan kan. Ta ló ń béèrè ibi tí kùkùté ti ń bọ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wàhálà omi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Kétu lè rò pé omi ò lè dá ìjà sílẹ̀. Orí òkè pẹrẹsẹ ni a wà, kò sódò nítòsí, okùn kànga wa sì gùn débi pé ẹni tó bá ń fà á á ti gbàgbé ohun tó fẹ́ fi omi náà ṣe kó tó fà á tán. Omi òjò là ń gbé ara lé. A ní kòtò omi kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nínú, bàbá àgbà ilé ló sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́dìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ iye igbá omi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bù. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni ìyá mi, opó tí ò ní ọmọkùnrin, lọ kúnlẹ̀ pé òun fẹ́ gba omi fún ewé.

Bàbá wò ó. “Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé báyìí? Èèyàn ò rí omi wẹ̀, ìwọ fẹ́ fún ewé?”

“Ọkọ mi, kì í ṣe tèmi,” ìyá mi wí. “Ohun àfipamọ́ ni. Màsẹ́ẹ̀ ló ní kí n dá a sí títí òun á fi padà dé.”

N kò rántí pé mo gbọ́ “títí òun á fi padà dé.” Ṣùgbọ́n fèrè ọkọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ mì, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló wà. Bàbá ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré ní ìdí rẹ̀. Ó wá ní, “Ká ní tìẹ ni, ǹ bá ní kí o jẹ́ kó gbẹ. Àmọ́ àgbà kì í gba nǹkan pamọ́ kó wá ní òun ò rí omi fún un. Kèrègbè kan ní ìrọ̀lẹ́. Kèrègbè kan ṣoṣo o.” Bí ṣúù ṣe di ọmọ ilé wa nìyẹn, tó ní omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú bí mi. Èmi tí mo ń fi abọ́ kan wẹ̀!

Ẹ wá wo iṣẹ́. Ṣúù kì í so èso nílẹ̀ tiwa, ooru ò jẹ́ kó so. Bí wọ́n bá fẹ́ kó máa wà títí, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n á gé, wọ́n á fi kùkùté sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, kùkùté á yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ. Ìyá mi á fi ọ̀bẹ bó ọmọ náà jẹ́jẹ́, á gbìn ín sínú ìkòkò fífọ́, á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí àárọ̀ bá tutù, á gbé e lọ sí ebè. Eérú ló ń kù lé e nítorí kòkòrò. Yàtọ̀ sí kèrègbè bàbá, omi ìfọwọ́ gbogbo ilé ni, omi ìfọṣọ àkọ́kọ́ kò kàn án nítorí ọṣẹ, èkejì ló kàn án, àti omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ẹni tó bá da omi sílẹ̀ nílé wa, ẹ̀rù ìyá mi ló máa kọ́kọ́ bà á.

Ìyá mi ò tà á. Ó máa ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí irun, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á bu iyọ̀, á gé àlùbọ́sà, á ta òróró ẹ̀pà sí i díẹ̀. Ó máa ń gbé abọ́ kan lọ fún bàbá. Bàbá á jẹ ẹ́, á ní kò dùn, á jẹ ẹ́ tán. Èmi kì í dúró wo bó ṣe ń ṣe é. Ẹ rántí pé ẹsẹ̀ ń yún mi. Bó bá pè mí pé, “Wá wò ó, kí o lè mọ̀ ọ́n,” mo ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti jó.

Ọdún ń gorí ọdún, màsẹ́ẹ̀ ò dé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pe ìyá mi ní Ìyá Ṣúù. Wọ́n á ní, “Ìyá Ṣúù, onínǹkan ò tíì dé?” Ìyá mi á ní, “Ó ń bọ̀.” Mo bá a jà nígbà kan. Mo ní, “Ìyá, màsẹ́ẹ̀ ò ní padà wá mọ́! Ó ti gbàgbé yín. Ìwọ̀nba omi tí à ń mu lẹ ń fi rin ewé Òyìnbó.” Kò bínú. Ó ní, “Ìwọ sáà bomi rin ín.” Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn sí gbogbo nǹkan. Ó ń dun mí wọra, ó ń ṣe mí bíi kí n fà á tu kí n sì jù ú sígbó.

Mo wá di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà náà, a máa ń ṣe ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé, ilé-ìwé àwọn màsẹ́ẹ̀ àtijọ́ náà ni. Ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò, tí à ń pè ní délégé, ló máa ń ṣe alága. Á ní, “Kámárádì, ṣé ẹ ti ṣetán fún Rẹfolúsọ̀n?” A ó gbé ìkúùkù sókè pé ìjà ń bá a lọ. Kí ni ìjà yẹn jẹ́, n kò mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé kan tó wà lọ́wọ́ délégé: orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa kó lọ sí Kútọnu fún oṣù mẹ́ta, láti lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àwọn àgbà níwèé. Kútọnu! Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ bí ẹni tí ń kọ orúkọ sí ìwé ọ̀run.

Délégé ní àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, pé ó fẹ́ wo oko àjùmọ̀ro wa ní ọ̀nà Opómẹ́ta, yóò sì jẹun lábẹ́ máńgòrò yìí. Kí ni Kétu lè gbé ka iwájú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn? Ẹnì kan ní iṣu. Ẹnì kan ní ẹran ìgbẹ́. Délégé ń mi orí, iṣu wà níbi gbogbo. Ni ọwọ́ tèmi bá gòkè. Mo ní, “Kámárádì délégé, ìyá mi ní ṣúù pupa.”

Ó yíjú. “Pupa? Ṣúù? Ó pupa bí ìràwọ̀ ara àsíá wa?”

“Ó pupa jù ú lọ,” ni mo wí. Ẹnu mi ò ní ìlẹ̀kùn. Délégé rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn gan-an ni oúnjẹ Rẹfolúsọ̀n, ó sì ní kí n sè é wá fúnra mi. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ti ń di ẹrù Kútọnu nínú ọkàn mi.

Ìyá mi ò sí nílé. Àbúrò rẹ̀ bímọ ní Ìpọ́bẹ̀, ó lọ bá a wẹ ọmọ. Kó tó lọ, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó nàka sí ṣúù méje tó kù lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti pa gbogbo ìyókù. Ó ní, “Méje yìí ni. Bí wọ́n bá lọ, irú rẹ̀ tán nílẹ̀ yìí. Omi ní ìrọ̀lẹ́, má jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Mo sì rò ó pé bí mo bá kó méjèèje, wọ́n á tún hù, ewé sáà ni. Ẹ wò ó, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń bomi rin nǹkan yìí, n kò mọ̀ pé kùkùté ló ni ẹ̀mí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ àlejò, mo bọ́ sí ebè. Ẹ̀fọ́ là ń fà tu nílẹ̀ wa: tẹ̀tẹ̀, a fà á tu, ṣọkọ, a fà á tu. Èmi náà di ṣúù mú lọ́rùn, mo fà á tìdí-tìdí, méjèèje, kíákíá. Mo gé orí, mo kó kùkùté, mo dà wọ́n sí ààtàn lẹ́yìn ilé, mo sì gbọn ọwọ́ mi. Mo gé ewé sínú ìkòkò ńlá. Ó le. Mo sè é títí, kò rọ̀. Oòrùn ń gòkè, ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ mi, mo ń rò ó pé àlejò ti dé. Kí ni à ń fi sí ẹ̀fọ́ tó bá le? Káún. Mo fọ́ káún kan tó tó àtàǹpàkò, mo sọ ọ́ sínú omi, mo dé e.

Nígbà tí mo ṣí i, mo pariwo, “Yéè!” Aró ló wà nínú ìkòkò. Mi ò sọ pé ó jọ aró o, ẹ ní kí aláró wá wò ó, á ní kí n ta díẹ̀ fún òun. Omi náà dúdú bí aṣọ tí wọ́n pa láró, ewé náà di búlúù, búlúù tí kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀dá kankan. Mo da tòmátò sí i, ó di àwọ̀ ẹrẹ̀. Mo da epo pupa sí i, epo léfòó lórí bíi pé ó ń sá fún un. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo dìde, mo tún jókòó. Wọ́n ti ń pè mí láti ìta pé àlejò ti jókòó. Kí ni kí n ṣe? Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Délégé fúnra rẹ̀ ló ṣí abọ́ náà. Ó ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ fún àlejò nípa pupa, pupa iṣẹ́, pupa ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó wo inú abọ́, ó wò mí. Àlejò náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó fi Faransé béèrè bóyá aṣọ ni a fẹ́ pa láró kí òun bọ́ ẹ̀wù. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbé ìkúùkù sókè pẹ̀lú mi ló rẹ́rìn-ín jù. Délégé ò rẹ́rìn-ín. Ó mú lẹ́ẹ̀dì nínú àpò rẹ̀, ó ṣí ìwé Kútọnu, ó sì fa ìlà sórí orúkọ mi níbẹ̀ lójú mi.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe máa ń ṣe. Mo tẹ̀lé e. Ó dúró níwájú ebè tó ṣófo. Mo ti pinnu pé bó bá bú mi, èmi náà á bú màsẹ́ẹ̀. Kò bú mi.

“Kùkùté rẹ̀ dà?”

“Mo dà á sí ààtàn.”

Ó yíjú wò mí, ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú igbó. Ó wá ní, “Kò burú. Kì í ṣe òní ló kọ́kọ́ débẹ̀.” Mo rò pé ìbínú ló ń mú un sọ kántankàntan. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ààtàn lọ, ó ń fi ọwọ́ tú eérú àti èèpo iṣu. Ewúrẹ́ ti jẹ márùn-ún tán. Ó rí méjì lábẹ́ eérú, tí ọ̀kan ti ń rọ. Ó fi ìbòrí rẹ̀ gbá wọn mọ́ra.

Nígbà tí bàbá àgbà ilé gbọ́, ó ké débi pé àdúgbò gbọ́. “Ohun àfipamọ́! Nínú ilé tèmi! Kí la máa wí fún onínǹkan bó bá dé?” Ó yí sí mi. “Ìwọ tí ara rẹ kì í gbé ibì kan, o máa gbé ibì kan báyìí.” Ó ní kèrègbè méjì ní ìrọ̀lẹ́ dípò ọ̀kan, èmi ni n ó sì máa fà á láti inú kànga, èmi ni n ó máa jókòó ti kùkùté náà kí ewúrẹ́ má baà débẹ̀, títí yóò fi yè tàbí kó kú. Ojú ti gbogbo ilé. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi ìṣanrẹsì wá fún un láìsọ̀rọ̀.

Ẹ ò mọ ìyà tó wà nínú ìjókòó. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Kútọnu gba iwájú ilé wa kọjá, mo gbọ́ orin wọn, mo sì jókòó ti kùkùté méjì. Mo bú u. Mo ní, “Kú tí o bá fẹ́ kú, kí n lè dìde.” Ọ̀kan kú lóòótọ́. Lọ́jọ́ yẹn ẹ̀rù bà mí, mo sì bẹ èyí tó kù. Mo ń yẹ ẹ́ wò láàárọ̀, mo ń yẹ ẹ́ wò lọ́sàn-án, mo fi ojú mi sún mọ́ ọn débi pé mo ń gbóòórùn iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré bí orí ìṣáná, ó pupa. Ó pupa lóòótọ́, ẹ̀yin ará, pupa fòò! Mo fò sókè, mo pe ìyá mi tó fi jẹ́ pé bàbá rò pé ejò ló bù mí jẹ.

Ìyá mi wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó ní, “Wá, kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń bó ọmọ rẹ̀.” Lọ́tẹ̀ yìí n kò sá. Ó kọ́ mi ní ti ọ̀bẹ, ti imọ̀ ọ̀pẹ, ti eérú. Nígbà tí ti ọdún tó tẹ̀lé e di orí, ó kọ́ mi ní ti ọsàn: a rẹ́ ewé náà sínú abọ́, ó dúdú, a fún ọsàn sí i, ó sì pupa lójú mi bí aṣọ ìyàwó. Mo ní, “Ìyá, ọsàn lásán?” Ó ní, “Ọsàn lásán. Ìwọ ló lọ fi káún sí i.” Ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi ọ̀ràn náà rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Mo padà di tíṣà lọ́nà mìíràn, wọ́n gbé mi lọ sí Idigny nítòsí Kétu. Mo kó ọmọ ṣúù dání nínú ìkòkò, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Rẹfolúsọ̀n ti rẹ̀ nígbà náà. Owó oṣù ò wá mọ́, a ń jẹ gbèsè, àwa tíṣà sì ń lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ní ọ̀kan nínú ìrìn yẹn ni mo gbọ́ pé màsẹ́ẹ̀ àgbà kan tó ti gbé Kétu rí ti padà dé, ó wà nílé àwọn màsẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Mo sáré wálé wá sọ fún ìyá mi. Inú mi dùn débi pé mo ń kólòlò.

Ìyá mi ò fò sókè bí mo ṣe rò. Ó jókòó jẹ́jẹ́. Ó lọ gé orí ṣúù kan, èyí tó tóbi jù, ó fi ewé tíìkì dì í, ó ní, “Gbé e fún un. Kí i fún mi.” Mo ní kí ni kí n sọ. Ó ní, “Ohun tí o bá rí ni kí o sọ.”

Mo bá màsẹ́ẹ̀ náà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti darúgbó, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo kúnlẹ̀, mo tú ewé, mo gbé ṣúù ka orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Màsẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ fi pamọ́ rèé. Ìyá mi dá a sí.” Ó wo ṣúù, ó wò mí. “Ṣúù wo, ọmọ mi?” Mo ṣàlàyé: bàṣé, agbọ̀n, kùkùté, fèrè ọkọ̀. Ó rò ó, ó rò ó. Bó ṣe rántí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kòkòrò ló kún inú agbọ̀n yẹn, pé òun ò fẹ́ fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí fún àwọn tó ń bọ̀, òun wá ní kí ìyá mi dà á sí ààtàn. Ó tún un sọ ní Yorùbá rẹ̀ tí kò lókè kò nísàlẹ̀: “Da a si aatan.” Ó nu ojú rẹ̀, ó pe obìnrin ilé ìdáná pé kó wá gbé ṣúù lọ.

N kò mu omi tó fún mi. Mo dìde, mo jáde, mo rìn yí ọjà Àjàṣẹ́ ká lẹ́ẹ̀mejì láìra nǹkan kan. Ọdún wo ni ìyá mi ò kúnlẹ̀ nítorí omi? Èmi fúnra mi jókòó ti kùkùté nígbà tí ọkọ̀ Kútọnu ń kọjá. Nítorí “dà á sí”! Mo bínú sí màsẹ́ẹ̀, mo bínú sí awakọ̀, mo bínú sí ohùn ẹnu wa tó lè fi àmì kan ṣoṣo sọ ìdọ̀tí di ohun ìṣúra. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Kétu, mo pinnu pé irọ́ ni n ó pa.

Ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń rẹ́ ṣúù sínú abọ́. Kò gbójú sókè. “O rí i?”

“Mo rí i, Ìyá. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ dá a sí.”

Ó dáwọ́ dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá jí ẹran nínú ọbẹ̀. “Irọ́ ò yẹ ọ́,” ló wí. “Dà á sí ààtàn ni màsẹ́ẹ̀ wí. Fèrè ọkọ̀ dí ìwọ létí, kò dí mi. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, mo gbọ́ Yorùbá rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ lọ. Mo sì dà á síbẹ̀ bó ṣe ní kí n ṣe.”

Mo fa àpótí, mo jókòó tì í.

“Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo ń kọjá lẹ́yìn ilé wọn, mo rí i pé ó ti hù. Nínú eérú, láìsí ẹni tó bomi rin ín. Ohun tó ń wá ẹ̀mí tó bẹ́ẹ̀, kí n wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀?”

“Kí ló dé tí ẹ wá ń sọ pé màsẹ́ẹ̀ ló ní kí ẹ dá a sí? Gbogbo ọdún wọ̀nyí!”

Ó bẹ ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ náà rò ó. Ká ní mo sọ fún bàbá yín pé orí ààtàn ni mo ti kó o, àti pé èmi, opó, ni mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣé ẹ̀kán omi kan máa kàn án nínú ilé yìí?” Ó fún ọsàn náà sínú abọ́. “Má sọ fún un o.”

N kò sọ fún un. Bàbá kú, ó ṣì ń rò pé òun ń bá Òyìnbó tọ́jú nǹkan. Ìyá mi náà ti lọ báyìí. Ẹ̀rọ omi ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹnikẹ́ni lè bu omi rin ohun tó bá wù ú láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́.